Owó kábínẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná: àwọn ìbéèrè tí àwọn onílé ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó ń bi wá lemọ́lemọ́

Kí ló ya kábínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kàn mọ́ ògiri sọ́tọ̀ sí kọ́bọ́ọ̀dù tí a lè rà lọ́jà?

Ògiri yín ni wọ́n máa wọ̀n kí wọ́n tó gé bọ́ọ̀dù. Kábínẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀, tòkè, òkúta orí rẹ̀, síńkì àti ibi ìdáná, gbogbo wọn ni wọ́n máa kàn mọ́ra, tí wọ́n á sì dè mọ́ ògiri. Kọ́bọ́ọ̀dù ọjà, ẹ lè gbé e lọ bí ẹ bá ń kó. Eléyìí ti di ara ilé. Inú owó ilé ni kí ẹ ti yọ owó rẹ̀, kì í ṣe inú owó àga àti tábìlì. Ẹni tó bá jẹ́ ayálégbé, kó bá onílé sọ ọ́ kó tó kan ìṣó àkọ́kọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, èló ni yóò ná mi?

Iye tí a bá kọ síbí lónìí lè ti gbẹ́nu sókè kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta bọ́ọ̀dù, torí òkè òkun ni ọ̀pọ̀ híńjì, bọ́ọ̀dù àti gíráńáìtì dídán ti ń wọlé, dọ́là ló sì ń tì wọ́n síwá sẹ́yìn. Ohun tí kì í tètè yí padà ni bí owó náà ṣe yẹ kó pín.

Ká ní ₦100 ni gbogbo owó yín. Ẹ yọ ₦35 fún bọ́ọ̀dù, ilẹ̀kùn, híńjì àti irin dúrọ́ọ̀. ₦15 fún òkúta orí kábínẹ́ẹ̀tì. ₦10 fún páìpù, síńkì àti ẹ̀rọ omi. ₦8 fún wáyà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì. ₦10 fún táìsì. ₦12 fún owó iṣẹ́. ₦10 tó kù, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ilé ìdáná tí wọ́n bá tú ògiri rẹ̀, nǹkan kan á ṣáà yọjú. Owó sítóòfù, fíríìjì àti ẹ̀rọ tó ń fa èéfín kò sí nínú ìṣirò yìí.

Ibi tí àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ gé ni ₦18 páìpù àti wáyà, torí àlejò kò lè rí i. Ibẹ̀ gan-an la bẹ̀ yín pé kí ẹ má gé. Ilẹ̀kùn tí kò bá wù yín mọ́, ọ̀sán kan tó láti pààrọ̀ rẹ̀. Páìpù tó bá ń jò lẹ́yìn kábínẹ́ẹ̀tì, ẹ ó gbé òkúta kúrò, ẹ ó tú kábínẹ́ẹ̀tì, ẹ ó fọ́ táìsì kí ẹ tó dé ìdí rẹ̀.

Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò?

Láti orí téèpù. Ẹ wọn ògiri kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta: nílẹ̀, ní ìbàdí, àti lókè orí. Èyí tó kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ lò. Ẹ ya ibi tí fèrèsé, ilẹ̀kùn, páìpù àti sọ́kẹ́ẹ̀tì wà sórí ìwé.

Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ igun wò. Láti inú igun, ẹ sàmì sí fíìtì 3 lára ògiri kan, ẹ sàmì sí fíìtì 4 lára ìkejì. Láti àmì sí àmì gbọ́dọ̀ jẹ́ fíìtì 5 géérégé. Bó bá lé, igun náà ṣí jù. Bó bá dín, ó pa pọ̀ jù. Ó yẹ kí káfíńtà àti ẹni tó máa gé òkúta gbọ́ èyí kí ẹnikẹ́ni tó gbé ayùn. Òkúta tó bá fi àlàfo ínǹṣì kan sílẹ̀ lára ògiri, sìmẹ́ńtì funfun ni wọ́n máa fi dí i, bí sìmẹ́ńtì yẹn bá sì ti là, aáyán ti rílé.

Báwo ni kábínẹ́ẹ̀tì ṣe yẹ kó ga tó?

Ínǹṣì 34 sí 36 ni ti ìsàlẹ̀ sábà máa ń jẹ́ pẹ̀lú òkúta orí rẹ̀, kó sì jìn ní ínǹṣì 24. Tòkè máa ń jìn ní ínǹṣì 12 sí 14, kí ààrin òkúta àti ìdí rẹ̀ tó ínǹṣì 18, kó má ju 24 lọ.

Ṣùgbọ́n ara ẹni tó ń dáná jù nílé ló yẹ kó pinnu. Kí ìyá ilé dúró láìwọ bàtà, kó ká apá, kí ẹ wọ̀n láti ilẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, kí ẹ wá yọ ínǹṣì 4 sí 6 kúrò. Gíga yẹn ni kò ní jẹ́ kí ẹ̀yìn máa ro wọ́n. Bí ìyá àgbà bá ń gbé pẹ̀lú yín, ẹ má kó àwo tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ sókè.

Káfíńtà ní iye kan lòún ń gbà fún fíìtì kan. Ṣé kí n gbà?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó wà nínú fíìtì yẹn. Fíìtì tó ní ilẹ̀kùn kan àti fíìtì tó ní dúrọ́ọ̀ mẹ́ta kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn: dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan ní irin méjì, ìdí, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin àti iwájú tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀: irú bọ́ọ̀dù àti bó ṣe nípọn tó (18mm ló dáa), ṣé bọ́ọ̀dù ẹ̀yìn wà níbẹ̀ àbí ògiri lásán ni ẹ ó máa wò, irú híńjì, ta ló ń san owó ọkọ̀, ta ló máa lu ihò síńkì, ta ló máa kó ìdọ̀tí. Ìjà tó pọ̀ jù láàrin onílé àti káfíńtà, lórí méjì tó gbẹ̀yìn yìí ni.

Bọ́ọ̀dù mélòó ni kí n rà? Iye tí wọ́n pè fún mi ti pọ̀ jù.

Odidi bọ́ọ̀dù jẹ́ fíìtì 8 sí fíìtì 4. Ká mú kábínẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ tó fẹ̀ ní fíìtì 2, tí ara rẹ̀ ga ní nǹkan bí ínǹṣì 28, tó ní pẹpẹ kan nínú àti ilẹ̀kùn kan. Bọ́ọ̀dù 3 tó mẹ́rin irú rẹ̀, ìyẹn fíìtì 8 lára ògiri.

Bó ṣe rí nìyí. Ẹ la bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan sí méjì lóròó, ẹ ó rí ọ̀já 6. Lórí ọ̀já 4, ẹ ó rí ẹ̀gbẹ́ 8 àti ilẹ̀kùn 4, mẹ́ta-mẹ́ta lórí ọ̀já kan. Ọ̀já 2 tó kù, ìdí 4 àti pẹpẹ 4, mẹ́rin-mẹ́rin. Èékù tó bọ́ lára ọ̀já mẹ́rin àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá pẹlẹbẹ tó di ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mú lókè. Bọ́ọ̀dù tẹ́ẹ́rẹ́ ti ẹ̀yìn kò sí nínú èyí, bẹ́ẹ̀ ni bí ilẹ̀kùn bá jẹ́ àwọ̀ mìíràn, ẹ ó ka tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Kábínẹ́ẹ̀tì òkè tó jìn ní fíìtì 1 kò jẹun tó bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀dù 2 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rin. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni kò ní rí àyè.

Bí káfíńtà bá pe bọ́ọ̀dù 5 fún fíìtì 8 ìsàlẹ̀ yẹn, ẹ má bá a jà. Ẹ ní kó ya bó ṣe máa gé e sórí ìwé. Ó lè ní dúrọ́ọ̀ lọ́kàn, ó sì lè jẹ́ pé kò tíì ṣírò rẹ̀.

MDF, HDF àti marine board, èwo ni kí n rà?

Omi ló máa dá yín lóhùn. Bí omi bá wọ MDF, ìyẹn bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi igi lílọ̀ tẹ̀ pọ̀, ó máa wú bíi gààrí tí a rẹ, kò sì ní padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ bí ó bá gbẹ. HDF le jù ú, ó dì jù ú, ó sì lè farada ìnulẹ̀ àti ọwọ́ tútù, ṣùgbọ́n bí omi bá dúró tì í, òun náà á wú. Marine board, tí wọ́n fi igi pẹlẹbẹ lẹ léra wọn, ló lè farada omi jù, ó sì di síkúrù mú ju àwọn yòókù lọ. Òun ló wọ́n jù.

Kò pọn dandan kí ẹ lo ẹyọ kan fún gbogbo rẹ̀. Ẹ fi marine board ṣe abẹ́ síńkì àti kábínẹ́ẹ̀tì tó tẹ̀ lé e, ẹ fi HDF ṣe ìyókù àti ilẹ̀kùn. Bó bá di dandan kí MDF wọ̀ ọ́, òkè ni kó wà, jìnnà sí síńkì àti ooru sítóòfù.

Ẹ wo ibi tí páìpù síńkì ti gba inú bọ́ọ̀dù kọjá. Ojú bọ́ọ̀dù ní òde ń dán, ó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n inú ihò yẹn, igi ihòòhò ni, ó rí hẹ́ẹ́rẹ́hẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ bá fi ìka kàn án. Ibẹ̀ ni omi ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í mu bọ́ọ̀dù. Kí wọ́n fi sílíkọ́ọ̀nù pa á yíká, kí wọ́n sì lẹ téèpù mọ́ gbogbo etí tí ayùn gé, títí kan èyí tó kọjú sí ògiri tí ẹnikẹ́ni kò ní rí. Kábínẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ o. Kó dúró lórí ẹsẹ̀ rọ́bà, tàbí lórí kọnkéré tó ga ní ínǹṣì 4 tí wọ́n lẹ táìsì mọ́, kí omi ìnulẹ̀ má bàa dé ìdí rẹ̀.

Ilẹ̀ igi ni Oǹdó. Kí ló dé tí mi ò fi lè lo igi gidi?

Ẹ lè lò ó, ó sì lẹ́wà. Ọ̀gànwó àti ìrókò tó gbẹ dáadáa, ọmọ yín á lò ó. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí gbígbẹ yẹn. Pákó tó nípọn tó ínǹṣì kan lè lo nǹkan bí ọdún kan lábẹ́ òrùlé tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá kó tó gbẹ fúnra rẹ̀. Èyí tí wọ́n là lóṣù tó kọjá, bí ọyẹ́ bá dé ní December, á sún kì, á sì fún, ilẹ̀kùn á máa wo ọ̀tún nígbà tí èkejì ń wo òsì.

Ẹ má gba arère fún kábínẹ́ẹ̀tì nítorí pé ó fúyẹ́ tó sì rọ ọwọ́. Kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun tó ń dà sórí àwo lábẹ́ pẹpẹ, wọ́n ti wọlé nìyẹn. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, kó fi bọ́ọ̀dù ṣe àgọ́ kábínẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ara rẹ̀ láìka ilẹ̀kùn, kó fi igi gidi ṣe ilẹ̀kùn nìkan.

Òkúta orí kábínẹ́ẹ̀tì ńkọ́?

Òkúta pọ̀ lọ́dọ̀ wa láti Àkúrẹ́ dé Ìdànrè, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń fọ́ fún kọnkéré kọ́ ni wọ́n ń tẹ́ sórí kábínẹ́ẹ̀tì. Gíráńáìtì dídán ni, wọ́n sì ń tà á ní mítà onígun mẹ́rin. Ẹ sọ gígùn kábínẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ di mítà, ẹ fi 0.6 sọ ọ́ di púpọ̀: fíìtì 18 jẹ́ nǹkan bíi mítà 5.5, ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 3.3. Ẹ fi díẹ̀ lé e fún èyí tó máa ṣòfò.

Mítà onígun mẹ́rin kan gíráńáìtì 20mm wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 54. Ti fíìtì 18 yẹn á lé ní 170, káfíńtà tó bá sì fi ìṣó lásán kan àgọ́ kábínẹ́ẹ̀tì pọ̀ láìlo síkúrù ti gbé ẹrù lé ara tí kò lè rù ú. Ìgbà tí kábínẹ́ẹ̀tì bá ti dúró síbi tó máa wà ni kí wọ́n wọ̀n fún òkúta, kì í ṣe ṣáájú. Ibi tó máa ń là ni iwájú ihò síńkì, níbi tó ṣẹ́ kù tẹ́ẹ́rẹ́. Kí bọ́ọ̀dù gbe ibẹ̀ lábẹ́.

Mábù rẹwà, àmọ́ ọsàn wẹ́wẹ́ àti tòmátì á jẹ ojú rẹ̀ ṣì. Gíráńáìtì náà máa ń mu epo pupa bí wọn kò bá fi oògùn tó ń dí ihò òkúta pa á, pàápàá èyí tí àwọ̀ rẹ̀ fúyẹ́.

Kí ni kí púlọ́ḿbà ṣe kí kábínẹ́ẹ̀tì tó dé?

Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Páìpù tó ń gbé omi ìdọ̀tí síńkì jáde, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ínǹṣì 2, kó sì máa dagẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ ní ìdá mẹ́rin ínǹṣì kan fún fíìtì kọ̀ọ̀kan. Bó bá tẹ́jú, epo àti sítáàṣì èbà á sùn sínú rẹ̀ títí yóò fi dí. Páìpù títẹ̀ tó wà lábẹ́ síńkì ṣe pàtàkì: omi tó dúró nínú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí òórùn àti aáyán gòkè. Ẹ fi ẹ̀rọ títì omi sí abẹ́ síńkì, kó lè jẹ́ pé bí ẹ̀rọ omi bá bàjẹ́, ẹ kò ní ti omi gbogbo ilé.

Kí ó fi omi kún páìpù, kí ó fi í sílẹ̀ mọ́jú kí wọ́n tó lẹ táìsì.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì mélòó ló tó?

Ju èyí tí ẹ rò lọ. Fíríìjì nílò tirẹ̀, ẹ̀rọ ìlọta àti kẹ́tùlù nílò tiwọn lórí òkúta, ó kéré tán méjì-méjì lápá kọ̀ọ̀kan, tó jìnnà sí síńkì.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì 13A kan kò lè gbé ju nǹkan bí wáàtì 3,000 lọ. Kẹ́tùlù nìkan lè jẹ 2,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá so kẹ́tùlù àti máíkírówéèfù mọ́ orí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan fi ojú ara rẹ̀ rí bí rọ́bà ṣe ń yọ́. Wáyà 2.5mm ni fún sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kúkà oníná gbọ́dọ̀ ní wáyà tirẹ̀ láti orí bọ́ọ̀dù iná, 6mm ó kéré tán, àti súìṣì ńlá tirẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì ní kúkà oníná, ẹ jẹ́ kí wọ́n fa wáyà yẹn sínú ògiri báyìí.

Ṣé mo lè gbé sìlíńdà gáàsì sínú kábínẹ́ẹ̀tì?

Ìta ló yẹ kó wà. Gáàsì tí a fi ń dáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ: bó bá jò, kì í lọ sókè, ilẹ̀ ló ń sùn sí, inú kábínẹ́ẹ̀tì tó padé á sì kó o jọ títí ẹnìkan á fi ṣáná. Ẹ gbé sìlíńdà síta nínú àgò irin tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, kí wọ́n fa páìpù kọ́pà wọlé sídìí sítóòfù. Owó páìpù yìí kò pọ̀ bí ẹ bá fi sínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn táìsì ló ń wọ́n.

Ọṣẹ tó hó ni ẹ fi ń yẹ oríkèé wò, kì í ṣe ìṣáná. Ẹ sì ra sítóòfù tó ń wọnú òkúta kí wọ́n tó gé ihò rẹ̀.

Híńjì olówó pọ́ọ́kú àti èyí tó ń padé jẹ́jẹ́, ṣé ìyàtọ̀ wà?

Ó wà. Ẹ fi owó sí i. Híńjì méjì tó ilẹ̀kùn tí kò ju mítà kan lọ, mẹ́ta fún èyí tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀.

Ikán ti jẹ kábínẹ́ẹ̀tì ilé wa àtijọ́. Báwo ni ti tuntun kò ṣe ní jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Inú ilẹ̀ ni ikán ti ń bọ̀, ó sì máa ń gba ibi tí ilẹ̀ là lábẹ́ kábínẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbálẹ̀ dé. Táìsì gbọ́dọ̀ dé ìdí ògiri, kò gbọdọ̀ dúró síwájú kábínẹ́ẹ̀tì nítorí pé ẹ fẹ́ dín owó kù. Kí wọ́n da oògùn ikán sílẹ̀ àti sínú ojú ihò tó bá wà kí wọ́n tó lẹ táìsì, kí ilé gbẹ kí ẹ tó tún máa dáná níbẹ̀. Ọ̀pá pẹlẹbẹ tó bo ẹsẹ̀ kábínẹ́ẹ̀tì níwájú, ẹ jẹ́ kó ṣeé yọ, kí ẹ lè máa fi tọ́ọ̀ṣì yọjú síbẹ̀.

Iyán ni oúnjẹ wa. Níbo ni odó máa wà?

Ìbéèrè tó dáa ni, àwọn tó ń ya àwòrán ilé ìdáná kì í sì í rántí rẹ̀. Odó kò gbọdọ̀ dúró lórí táìsì tí sìmẹ́ńtì kò kún abẹ́ rẹ̀. Kí ọmọ odó balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó tó láti là á. Ẹ fi àyè bíi fíìtì 3 sí fíìtì 3 sílẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé tàbí ní igun tó sún mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kọnkéré lásán ni kó jẹ́. Ìkòkò ńlá àríyá náà nílò ilé: kábínẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ kan tí kò ní pẹpẹ nínú.

Ṣé ògiri wa lè gbé kábínẹ́ẹ̀tì òkè?

Búlọ́ọ̀kù oníhò máa ń tan ni jẹ. Bí síkúrù bá bọ́ sínú ihò búlọ́ọ̀kù, afẹ́fẹ́ ló dì mú. Kí káfíńtà fi ìka kan ògiri kó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ibi tó bá dún bí ohun tó ṣófo nínú, kí bíríkílà fi sìmẹ́ńtì kún un kó gbẹ. Síkúrù ínǹṣì 3 pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀ ni kí wọ́n lò, kó gba inú ọ̀pá igi tó wà lẹ́yìn kábínẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe inú bọ́ọ̀dù tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀yìn.

Ilé alámọ̀ àtijọ́, bí wọ́n tilẹ̀ ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, ẹ má fi ohunkóhun kọ́ ọ. Kábínẹ́ẹ̀tì gíga tó dúró láti ilẹ̀ ni kí ẹ ṣe.

Owó mi kò tó lẹ́ẹ̀kan. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Páìpù, wáyà, oògùn ikán àti táìsì ilẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà, kábínẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀. Bí owó òkúta kò bá tíì sí, ẹ fi marine board tí wọ́n kun lọ́dà bò ó títí àjọ á fi kàn yín tàbí tí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ á fi yá yín lówó. Kábínẹ́ẹ̀tì òkè lè dúró dọdún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ra bọ́ọ̀dù ilẹ̀kùn rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀, nítorí funfun tọdún yìí àti funfun tọdún tó ń bọ̀ lè má bára mu. Ẹ tẹ́ ẹ lélẹ̀ gbalaja lórí igi, níbi gbígbẹ. Bí ẹ bá fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, á tẹ̀.

Báwo ni kí n ṣe san owó káfíńtà?

Bó bá ṣeé ṣe, ẹ bá a lọ ra ọjà fúnra yín, kí rìsíìtì wà lọ́wọ́ yín. Owó iṣẹ́, ẹ san ìdá kan nínú mẹ́ta nígbà tí ọjà bá dé ilé yín, ìdá kejì nígbà tí àgọ́ gbogbo kábínẹ́ẹ̀tì bá ti dúró. Ẹ di èyí tó kẹ́yìn mú títí tí ilẹ̀kùn fi máa ṣí tó máa padé fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Bó bá ní ọjà ti gbówó lórí lẹ́yìn àdéhùn, ó lè jẹ́ òótọ́. Ẹ jọ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á. Owó ọjà lè pọ̀ sí i. Owó iṣẹ́ tí ẹ ti jọ fẹnu kò lé lórí kò yẹ kó bá a lọ.

Ilẹ̀kùn kò padé dáadáa mọ́ lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ṣé káfíńtà ló rẹ́ mi jẹ?

Ẹ má tíì pè é. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ wo híńjì: síkúrù iwájú ń sún ilẹ̀kùn sí ọ̀tún tàbí òsì, ti ẹ̀yìn ń fà á sínú tàbí síta, àwọn méjì tó di àwo irin rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi ń gbé e sókè tàbí sílẹ̀. Ẹ yí i díẹ̀díẹ̀, ìdajì yíyí kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa ti ilẹ̀kùn wò.

Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ló nípọn ju òkè lọ, omi ti wọ̀ ọ́, síkúrù kò lè ṣe é. Ẹ wá ibi tí omi ti ń bọ̀ kí ẹ tó pààrọ̀ ilẹ̀kùn: ẹ nu abẹ́ síńkì gbẹ, ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn síbẹ̀ mọ́jú, kí ẹ wo ibi tó máa tutù.